Kí A Tó Dé Ilé Ìwòsàn: Ìtọ́jú Láti Ẹnu Ọ̀nà Ilé Wa



Bí fèrè áńbúláǹsì bá dún ní àdúgbò, ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń béèrè ni pé, "Òkú ta ni wọ́n gbé dé?" Ìbéèrè náà kò ṣẹ̀yìn ohun tí ojú wa ti rí. Ó ti pẹ́ tí ó jẹ́ pé òkú ni a máa ń rí nínú ọkọ̀ náà, tí wọ́n ń gbé e láti mọ́ṣúárì lọ sí ilé olóògbé. Ṣùgbọ́n èrò yìí ti pa wá lára. Ẹni tí ó bá ka ọkọ̀ agbáláìsàn sí ọkọ̀ òkú kò ní rántí láti pè é fún alààyè.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ọ̀rọ̀ ti rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà pàápàá, títí di ìgbà tí ọdún 1960 ti kọjá, àwọn asìnkú ni ó ń fi ọkọ̀ òkú wọn gbé aláìsàn ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ní ìlú Pittsburgh, ọkọ̀ ọlọ́pàá ni ó ń gbé wọn, kò sì sí ẹni tí yóò tọ́jú aláìsàn lójú ọ̀nà. Ní ọdún 1967 ni iṣẹ́ áńbúláǹsì kan tí à ń pè ní Freedom House bẹ̀rẹ̀ ní Hill District, agbègbè àwọn ènìyàn dúdú ní ìlú náà. Dókítà Peter Safar ni ó ṣètò ẹ̀kọ́ wọn. Àwọn ọ̀dọ́ agbègbè náà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ni wọ́n kọ́ bí a ti ń la ọ̀nà èémí, bí a ti ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, àti bí a ti ń tọ́jú ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń kọṣẹ́. Iṣẹ́ Freedom House dópin ní ọdún 1975, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi lélẹ̀ wà lára ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì Amẹ́ríkà fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ohun tí wọ́n fi hàn ni pé ìtọ́jú kì í dúró de ẹnu ọ̀nà ọsibítù. Ibi tí ìṣẹ̀lẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀.

NÍBO NI Ẹ̀MÍ TI Ń BỌ́?

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé inú ọsibítù ni ènìyàn ń kú sí. Ìwádìí fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ní ọdún 1998, dókítà Charles Mock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí ó farapa gidigidi ní ìlú mẹ́ta: Kumasi ní Ghana, Monterrey ní Mexico, àti Seattle ní Amẹ́ríkà. Nínú 100 ènìyàn tí ó farapa gidigidi, 63 ni ó kú ní Kumasi, 55 ní Monterrey, 35 ní Seattle.

Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ yọ kí aláìsàn tó dé ọwọ́ dókítà. Nínú 100 ènìyàn tí ọgbẹ́ pa ní Kumasi, 81 ni kò dé ọsibítù láàyè. Ní Seattle, 59 ni. Bí a bá kọ́ ọsibítù tí ó tóbi jù lọ, tí a sì kó ẹ̀rọ olówó iyebíye sínú rẹ̀, kò lè gba ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ là.

ÌDÁDÚRÓ MẸ́TA TÍ Ó Ń PA ABOYÚN

Ní ti aboyún àti ìyá ọlọ́mọ tuntun, àwọn olùwádìí méjì, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine, ṣe àlàyé kan ní ọdún 1994 tí àwa òṣìṣẹ́ ètò ìlera ń lò títí di òní. Wọ́n ní ìdádúró mẹ́ta ni ó máa ń pa obìnrin tí wàhálà bá dé bá lójú oyún tàbí lójú ìrọbí.

Èkíní ni ìdádúró nínú ilé. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára obìnrin, ṣùgbọ́n wọ́n ń dúró de baálé tí ó rìnrìn àjò. Ìyá ọkọ ní kí wọ́n ní sùúrù. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sí ibi àdúrà. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ohun tí ó ń ṣe é ti kúrò ní kékeré.

Èkejì ni ìdádúró lójú ọ̀nà. Wọ́n ti gbà láti lọ, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ lóru. Bí ọkọ̀ bá wà, kò sí epo; bí epo bá wà, awakọ̀ ń bẹ̀rù kí aláìsàn má kú sínú ọkọ̀ rẹ̀, kí ó má di ọ̀ràn.

Ẹ̀kẹta ni ìdádúró ní ọsibítù. Aláìsàn ti dé, ṣùgbọ́n kò sí dókítà, kò sí ẹ̀jẹ̀, tàbí wọ́n ń béèrè owó kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé ìdádúró kìíní wà ní ìkáwọ́ ìdílé, ìdajì èkejì sì wà ní ìkáwọ́ àdúgbò. A kò ní láti dúró de ìjọba kí a tó dín wọn kù.

OHUN TÍ ÀWỌN AWAKỌ̀ GHANA KỌ́ WA

Ní ìgbà tí à ń sọ yìí, Ghana kò tí ì ní ètò áńbúláǹsì tí ó kárí orílẹ̀-èdè. Takisí àti bọ́ọ̀sì akérò ni ó ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó farapa, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lọ́dọ̀ tiwa náà. Àwọn olùwádìí wá bi ara wọn pé: bí ó bá jẹ́ awakọ̀ ni ó ń gbé aláìsàn, kí ló dé tí a kò kọ́ awakọ̀?

Wọ́n kọ́ awakọ̀ akérò 335 ní ẹ̀kọ́ wákàtí 6 péré. Owó tí wọ́n ná lórí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan kò ju dọ́là Amẹ́ríkà 3 lọ. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́wàá, wọ́n wá 71 nínú wọn rí, wọ́n sì bi wọ́n léèrè. Nínú 100, 61 sọ pé àwọn ti ṣe ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún ẹnìkan láti ìgbà tí àwọn ti gba ẹ̀kọ́ náà. Kí wọ́n tó kọ́ wọn, 4 nínú 100 ni ó máa ń gbìyànjú láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di 42. Àwọn tí ń la ọ̀nà èémí fún ẹni tí ó dákú gòkè láti 2 sí 35. Ọdún 2002 ni wọ́n tẹ àbọ̀ ìwádìí náà jáde.

Kí a má bàa sọ àsọdùn, ìwádìí yìí kò ka iye ẹ̀mí tí ó là. Ohun tí àwọn awakọ̀ fi ẹnu ara wọn sọ ni ó kọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí mìíràn ka ẹ̀mí. Ní àríwá ilẹ̀ Iraq àti ní Cambodia, láàárín ọdún 1997 sí 2001, wọ́n kọ́ àwọn ará abúlé tí ó lé ní 5,000 ní ìtọ́jú àkọ́kọ́, wọ́n sì fi àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìbílẹ̀ tí ó mọṣẹ́ díẹ̀ jù wọ́n lọ ṣe olórí wọn. Nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, 40 nínú 100 tí ó farapa ni ó ń kú. Nígbà tí ó fi parí, iye náà ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 15. Àgbẹ̀ àti ìyàwó ilé ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará abúlé wọ̀nyí.

Ghana náà kò dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn jàǹbá pápá ìṣeré Accra ti ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 2001, èyí tí ó pa ènìyàn 126, orílẹ̀-èdè náà dá iṣẹ́ áńbúláǹsì ti ara rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2004. Ọdún 2001 yìí kan náà ni Ìpínlẹ̀ Èkó dá tirẹ̀, LASAMBUS, sílẹ̀.

ÀGBÁJỌ ỌWỌ́ NI A FI Ń SỌ̀YÀ

Ní Nàìjíríà níhìn-ín, àwọn olùwádìí ti gbìyànjú ohun tí àdúgbò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ní agbègbè Sókótó, wọ́n bá ẹgbẹ́ awakọ̀ sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n máa gbé aboyún tí wàhálà bá dé bá, wọ́n sì ṣètò owó epo tí yóò máa yí po, kí àìsí epo má bàa dá ọkọ̀ dúró. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e, irú ètò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ NURTW tún wáyé ní Ìpínlẹ̀ Gombe.

Èyí tí yóò wu ẹ̀yin ìyá tí ń dá èésú jù lọ ni ti Ekpoma ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Àwọn ará ìlú dá owó jọ, wọ́n sì ń yá ìdílé aboyún ní owó ọkọ̀, owó oògùn àti owó ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún kìíní, wọ́n yá ìdílé 380 lówó. Àwọn 354 san gbèsè wọn tán pátápátá. Ìwádìí náà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1997, pa àwọn tí ó ń sọ pé owó àdúgbò kì í padà wálé lẹ́nu mọ́.

Ní ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀, kò pọn dandan kí ó jẹ́ ọkọ̀ ńlá. Ní Malawi, wọ́n so kẹ̀kẹ́ tí aláìsàn lè dùbúlẹ̀ sí mọ́ ẹ̀gbẹ́ alùpùpù fún àwọn ilé ìwòsàn abúlé. Ìwádìí ọdún 2008 fi hàn pé ó dín àkókò tí aboyún fi ń dúró kù ní wákàtí 2 sí wákàtí 4 àbọ̀, owó tí wọ́n sì fi rà á kéré sí ti ọkọ̀ áńbúláǹsì ní ìlọ́po 19.

Ohun mìíràn tí ó yẹ kí a mọ̀ ni aṣọ àdìmọ́ra kan tí wọ́n ń fi di ẹsẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ikùn obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Aṣọ náà máa ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn àti ọpọlọ, kí obìnrin náà lè pẹ́ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Nàìjíríà àti Egypt wà lára ibi tí wọ́n ti dán an wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladosu Ojengbede ti Ọsibítù UCH ní Ìbàdàn wà lára àwọn aṣáájú iṣẹ́ náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí i ní ọdún 2012 gẹ́gẹ́ bí ohun tí a fi ń ra àkókò. Kì í ṣe òun ni yóò wo àrùn náà sàn.

KÌ Í ṢE Ẹ̀RỌ OLÓWÓ NÌKAN NI

Ẹnìkan lè wí pé, "Bí a bá lówó bí òyìnbó, ìṣòro yìí ìbá ti tán." Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n rí ní Ontario ní ilẹ̀ Kánádà. Wọ́n ti ní ẹ̀rọ tí ń fi iná mànàmáná ta ọkàn tí ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró jí. Wọ́n wá fi ìtọ́jú tí ó ga sí i kún un: abẹ́rẹ́ oògùn àti rọ́bà tí a ń kì bọ ọ̀nà ọ̀fun. Nínú àbọ̀ ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2004, 5 nínú 100 ni ó yè tẹ́lẹ̀, 5 náà ni ó yè lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ohun tí ó la ẹ̀mí ni kí ẹnìkan rí aláìsàn nígbà tí ó ṣubú, kí ẹni tí ó wà nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àyà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ̀rọ ìtanijí náà sì tètè dé. Ìwádìí yìí kò sọ pé ìtọ́jú gíga kò wúlò fún àìsàn mìíràn. Ohun tí ó sọ ni pé ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó ṣe kókó, ọwọ́ ẹni tí ó wà nítòsí ni ìṣẹ́jú náà sì wà.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Ọ̀pọ̀ ìdílé kì í mọ ẹ̀tọ́ wọn. Òfin Ètò Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tí ó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ohun yòówù kí ó fà á. Ẹni tí ó bá rú òfin yìí lè san owó ìtanràn ₦100,000, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì. Òfin kan náà ya ìdá 5 nínú 100 owó àkànṣe ètò ìlera sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú pàjáwìrì. Fún ẹni tí ọta ìbọn bà, òfin ọdún 2017 sọ pé kí ilé ìwòsàn gbà á kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀, yálà ó mú ìwé ọlọ́pàá wá tàbí kò mú un wá.

OHUN TÍ ÌDÍLÉ LÈ ṢE LÓNÌÍ

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Kí oyún tó pé oṣù 7, kí tọkọtaya ti jókòó sọ ọ̀rọ̀ márùn-ún yìí:

1. Ilé ìwòsàn wo ni a ó lọ bí wàhálà bá dé, tí ó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru?
2. Ta ni ó ní ọkọ̀, tí ó sì gbà láti gbé wa lóru? Ẹ bá awakọ̀ náà sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ẹ sì gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀.
3. Níbo ni owó pàjáwìrì wà, ta sì ni ó lè mú un jáde bí baálé kò bá sí nílé?
4. Ta ni ó lè fún ìyá ní ẹ̀jẹ̀ bí ó bá di dandan?
5. Bí ọkọ kò bá sí nítòsí, ta ni ó ní àṣẹ láti sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí a máa lọ"? Ó dára kí ọkọ ti fi ẹnu ara rẹ̀ fún ìyàwó àti ìyá rẹ̀ ní àṣẹ náà.

Ẹ má ṣe dúró rárá bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí: ẹ̀jẹ̀ tí ń dà nígbà oyún; orí fífọ́ kíkankíkan pẹ̀lú ojú tí ń ṣú tàbí ojú wíwú; gìrì aboyún; ìrọbí tí ó ju wákàtí 12 lọ; ọwọ́ ọmọ tàbí ìwọ́ tí ó kọ́kọ́ jáde; olóbi tí kò jáde lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30; tàbí ẹ̀jẹ̀ tí ń rin aṣọ gbingbin láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ.

KÍ ỌKỌ̀ TÓ DÉ

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú lójú ọgbẹ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ gírígírí, ẹ má sì ṣí i wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá rin ín, ẹ fi òmíràn lé e lórí. Ẹ fi ọ̀rá tí kò lu bo ọwọ́ yín bí kò bá sí ìbọ̀wọ́ rọ́bà.

Bí ènìyàn bá dákú ṣùgbọ́n tí ó ń mí, ẹ dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan kí èébì má bàa dí i ní ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ má ṣe da omi sí i lẹ́nu.

Bí gìrì bá mú ọmọ, ẹ dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ẹ tú aṣọ tí ó fún un, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ṣe fi iná ra á lẹ́sẹ̀, ẹ má sì ṣe fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù. Àgbo yìí ti pa ọmọ tí gìrì kò bá tí pa.

Bí iná tàbí omi gbígbóná bá jó ènìyàn, ẹ da omi tútù sí ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Epo pupa, ẹyin àti ọṣẹ ìfọyín kò gbọdọ̀ kan ibẹ̀.

Bí jàǹbá ọkọ̀ bá ṣẹlẹ̀, tí ẹni náà kò sì sí nínú ewu iná tàbí ọkọ̀ mìíràn, ẹ má ṣe sáré wọ́ ọ ní apá, ẹ má sì ṣe ká a sínú bùútù ọkọ̀. Ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ lè ti fara pa. Kí ènìyàn bí mẹ́rin gbé e ní títẹ́ pẹrẹsẹ lórí pátákó tàbí ilẹ̀kùn, kí ẹnìkan di orí rẹ̀ mú kí ó má yí.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lẹ́yìn ìbímọ, tí olóbi sì ti jáde, kí agbẹ̀bí fi ọwọ́ ra ìsàlẹ̀ ikùn títí ilé ọmọ yóò fi le. Kí ìyá tọ̀, kí ó fi ọmọ sí ọmú, kí ẹ sì fi aṣọ bò ó kí òtútù má mú un. Kí gbogbo èyí máa lọ bí ẹ ti ń wá ọkọ̀. Kò gbọdọ̀ dá ìrìn dúró.

Nọ́ńbà pàjáwìrì tí a ń pè lọ́fẹ̀ẹ́ ni 112 ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Ní Èkó, ẹ tún lè pe 767. Fún jàǹbá ojú pópó, ẹ pe àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó lórí 122. Bí ẹ bá pè, ẹ sọ ibi tí ẹ wà ṣáájú ohunkóhun: orúkọ àdúgbò, ọjà, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé epo tí ó sún mọ́ yín.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé ẹgbẹ́ yín, ibi èésú àti gáréèjì. Ẹ bi alága awakọ̀ bóyá ó lè fún àdúgbò yín ní awakọ̀ méjì tí yóò jí lóru bí a bá pè wọ́n. Ẹ bi agbẹ̀bí ilé ìwòsàn ìjọba bóyá ó lè wá kọ́ wọn fún wákàtí díẹ̀. Ẹ kọ ìdáhùn sí ìbéèrè márùn-ún òkè yìí sórí ìwé kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí ọmọdé tí ó mọ̀wé kà lè rí i. Ó lè jẹ́ ọmọ náà nìkan ni yóò wà nílé lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀.